Háàdì dísìkì tuntun tí kò jí: àkọsílẹ̀ ìṣẹ̀lẹ̀ kan

Kọ̀ǹpútà orí tábìlì ni. Windows wà lórí NVMe 1 TB (dísìkì pẹlẹbẹ tí kò ní àwo tó ń yí), háàdì dísìkì àtijọ́ kan tó jẹ́ 2 TB sì wà níbẹ̀ fún fídíò. Iṣẹ́ fídíò ni ẹni tó ni ín ń ṣe, dísìkì àtijọ́ náà sì ti kún dé ọrùn, ló bá ra tuntun tó jẹ́ 8 TB, irú èyí tí wọ́n ṣe fún sáfà àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá. Ó tú kọ̀ǹpútà, ó de dísìkì mọ́ àyè rẹ̀, ó ki wáyà méjèèjì, ti iná àti ti dátà, bọ̀ ọ́, ó tan iná. Windows wọlé bó ṣe máa ń wọlé. Dísìkì tuntun kò sí níbì kankan.

Kó tó gbé e dé ọ̀dọ̀ mi, ó ti pààrọ̀ wáyà dátà, ó ti yọ ọ́ nínú ihò SATA kan (ihò tí wáyà dátà ń wọ̀ lórí motherboard, pátákó ńlá inú kọ̀ǹpútà) kì í bọ òmíràn, ó sì ti gbà pé òkú ọjà ni wọ́n tà fún òun. “Àbúrò, bá mi fojú sí i kí n tó dá a padà fún wọn.” Ohun tó ń retí ni kí n mi orí, kí n ní ó ti kú. Ẹnu mi kò tíì gbà á.

“Kọ̀ǹpútà mi kò rí dísìkì” kì í ṣe ẹ̀sùn kan ṣoṣo. Ó lè jẹ́ pé iná kò dé inú dísìkì rárá. Ó lè jẹ́ pé iná dé, àmọ́ BIOS, ètò tó ń jí kọ̀ǹpútà kí Windows tó dé, kò rí i. BIOS lè rí i kí Windows má rí i. Windows náà sì lè rí i kedere, kó jẹ́ pé kò tíì fún un ní lẹ́tà bíi D tàbí E ni, tí kò fi hàn níbi tí a ti ń ṣí fódà. Èyí tó kẹ́yìn yìí ló wọ́pọ̀ jù bí dísìkì bá jẹ́ tuntun, kò sì gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Ẹni tí kò bá kọ́kọ́ wádìí ibi tí dísìkì ti sọnù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yóò máa pààrọ̀ wáyà fún ohun tí kò kan wáyà, tàbí kó máa wa dráífà kiri lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún dísìkì tí kò tilẹ̀ ní iná lára.

Inú BIOS ni mo ti máa ń bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ló ń pín ọ̀rọ̀ sí méjì. Kí Windows tó jí ni BIOS ti ń ka orúkọ gbogbo dísìkì tó bá dáhùn. Bí orúkọ dísìkì bá wà níbẹ̀, wáyà àti iná ti ṣiṣẹ́, kí á kọjú sí Windows. Bí kò bá sí níbẹ̀, Windows kò mọwọ́ mẹsẹ̀, kí á fi í sílẹ̀.

Kò sí níbẹ̀. NVMe wà, dísìkì àtijọ́ wà lórí ihò SATA 1. Níwájú ihò 2, 3 àti 4, “Empty” ni BIOS kọ. Ihò 5 àti 6 ni mi ò rí, kò kọ pé wọ́n ṣófo, kò kọ pé nǹkan wà nínú wọn, kò tilẹ̀ dárúkọ wọn. Bẹ́ẹ̀ ihò 5 ni dísìkì tuntun wà, ihò 6 ni ẹ̀gbọ́n tó ni kọ̀ǹpútà sì ti gbìyànjú pẹ̀lú. Àwọn méjì yìí ló sún mọ́ ibi tó de dísìkì mọ́ jù, ìdí nìyẹn tó fi lò wọ́n.

Ìwé ìlò motherboard ló tú u. NVMe rẹ̀ wà ní àyè M.2 kejì (M.2 ni ihò tí NVMe ń wọ̀ lórí motherboard), ìwé náà sì sọ ọ́ gbangba pé bí NVMe bá ti wọ àyè yẹn, ihò SATA 5 àti 6 kú nìyẹn. Ọ̀nà tí dátà ń gbà wọ inú chipset, ẹ̀rọ kékeré tó ń darí àwọn ihò yìí lórí motherboard, níye, àwọn tó ń ṣe motherboard a sì máa fi ọ̀nà kan náà sí ibi méjì, kí oníkálukú lo èyí tó bá wù ú. Kò sí ìlànà kan tó bo gbogbo motherboard lórí èyí. Lórí àwọn kan, ihò kan ṣoṣo ló ń kú. Lórí àwọn mìíràn, kò sí èyí tó ń kú. Lórí òmíràn, bí ohun tó wọ M.2 bá jẹ́ irú SATA nìkan ni ihò kan ń kú. Inú ìwé ìlò nìkan ni a ti lè mọ̀ ọ́n, gbólóhùn náà sì sábà máa ń wà nísàlẹ̀ tábìlì kan, ní lẹ́tà wínníwínní tí ojú ń fò.

Mo pa kọ̀ǹpútà, mo yọ wáyà iná kúrò lára ògiri, mo gbé wáyà dátà bọ ihò 2, mo tún tàn án. “Empty.”

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Wọ́n rí àbùkù kan tó dájú, wọ́n tún un ṣe, nǹkan kò yí padà, wọ́n wá gbà pé kì í ṣe àbùkù rárá, wọ́n sì dá gbogbo rẹ̀ padà sí bó ṣe wà. Àbùkù méjì lè jókòó lórí ara wọn, kí ìkejì máà jẹ́ kí á mọ̀ pé a ti mú ti àkọ́kọ́ kúrò. Mo fi wáyà sílẹ̀ nínú ihò 2.

Lẹ́yìn náà ni mo gbé ọwọ́ lé dísìkì lórí bí iná ṣe ń wọlé. Kò sí irinṣẹ́ tó yá ju èyí lọ. Háàdì dísìkì ní ẹ́ńjìnnì kékeré tó ń yí àwo inú rẹ̀. Bó bá ti ń yí, ọwọ́ á mọ̀ ọ́n, etí á sì gbọ́ ọ: yóò hùn díẹ̀díẹ̀, ìró náà á máa ga sókè, lẹ́yìn náà orí tó ń kà á á ta tí-tí-tí bó ṣe ń wá ipò rẹ̀. Dísìkì àtijọ́ ń gbọ̀n lábẹ́ ọwọ́ mi. Tuntun dákẹ́ lọ́ọ́lọ́ọ́. Ó tutù, kò mì, kò ta. Ó tó ìgbà náà kí n gbà pé a ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ wà: iná ni, kì í ṣe dátà. (SSD, dísìkì tí kò ní àwo, kò ní ẹ́ńjìnnì, nítorí náà àyẹ̀wò ọwọ́ yìí kò wúlò fún un.)

Ìbéèrè tó kàn ni bóyá wáyà iná ló bàjẹ́ ni tàbí dísìkì fúnra rẹ̀. Mo ṣe pàṣípààrọ̀: wáyà méjèèjì tí dísìkì àtijọ́ ń lò, mo yọ wọ́n, mo ki wọ́n bọ tuntun, wáyà tuntun, mo ki bọ ti àtijọ́. Àtijọ́ jí lórí wáyà tí tuntun ti kọ̀, BIOS sì rí i. Tuntun kò jí lórí wáyà tí àtijọ́ ti ń lò látìgbà pípẹ́.

Ọ̀rọ̀ kan ní ẹ̀gbẹ́ kan, torí mo ti rí i tó ba dísìkì jẹ́: bí páwà páàkì, àpótí tó ń pín iná fún gbogbo inú kọ̀ǹpútà, bá jẹ́ irú èyí tí à ń yọ wáyà lára rẹ̀, ẹ má ṣe mú wáyà páwà páàkì mìíràn wá dán an wò. Ẹnu tó ń wọ dísìkì jọra ní gbogbo ayé, ṣùgbọ́n ẹnu kejì tó ń wọ páwà páàkì, bó ṣe wu ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń tò ó. Ó lè wọlé láìjà, kó sì gbé fólùtì 12 síbi tí dísìkì ti ń retí 5. Ìgbà kan ṣoṣo ni dísìkì máa dán ìyẹn wò.

Lójú ẹni tó ń wo ẹ̀rí wọ̀nyí, dísìkì ti kú: wáyà tó dára, ihò tó dára, kò sì jí. Èmi náà ì bá gbà bẹ́ẹ̀ bí kì í bá ṣe irú dísìkì tó jẹ́. Mo gbé e bọ dock, àpótí USB tó ní ádápítọ̀ iná tirẹ̀, tí à ń gbé dísìkì nàró sínú rẹ̀. Mo tẹ bọ́tìnnì. Ó hùn, ó ta tí-tí-tí, Windows sì dá a mọ̀ pé dísìkì 8 TB kan ti dé.

Ẹ̀gbọ́n dìde. “Ó ń ṣiṣẹ́!”

“Ẹ má dá a padà ná, sà.”

Dísìkì kan náà, kọ̀ǹpútà kan náà. Ohun tó yàtọ̀ ni iná. Wáyà iná SATA ní eyín mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ní ìpín mẹ́ta-mẹ́ta: mẹ́ta àkọ́kọ́ fún fólùtì 3.3, mẹ́ta fún ilẹ̀ (ọ̀nà tí iná ń gbà padà), mẹ́ta fún fólùtì 5, mẹ́ta fún ilẹ̀ pẹ̀lú iṣẹ́ mìíràn lára ọ̀kan nínú wọn, mẹ́ta ìkẹyìn fún fólùtì 12. Fólùtì 12 ló ń yí ẹ́ńjìnnì, 5 ló ń gbé pátákó ẹ̀rọ tó wà lábẹ́ dísìkì. Ta ló ń lo 3.3? Nínú háàdì dísìkì ńlá, kò sí ẹni tó ń lò ó. Ó wà nínú ìlànà láti ìbẹ̀rẹ̀, páwà páàkì ń gbé e wá, dísìkì ń fi í sílẹ̀ síbẹ̀.

Nígbà tí ìlànà SATA 3.3 jáde ní 2016 (nọ́ńbà ẹ̀dà ìlànà ni 3.3 yìí, kì í ṣe fólùtì), wọ́n fi iṣẹ́ tuntun fún eyín kẹta nínú eyín tí ẹnì kankan kò lò wọ̀nyí, wọ́n sì pè é ní Power Disable. Bí iná bá wà lórí eyín kẹta, kí dísìkì pa ara rẹ̀. Bí iná bá kúrò níbẹ̀, kó jí. Sáfà ni wọ́n rò. Níbi tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún dísìkì bá wà nínú gbọ̀ngàn kan, tí ọ̀kan nínú wọn bá há, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni máa gun àkàbà lọ yọ ọ́ kó tún kì í padà. Sáfà yóò kàn rán iná díẹ̀ sí eyín kẹta, yóò mú un kúrò, dísìkì á sì bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọgbọ́n tó dára gan-an ni. Ṣùgbọ́n páwà páàkì tó ń tẹ̀ lé ìlànà ti tẹ́lẹ̀ ń gbé 3.3 sórí eyín kẹta láti ìgbà tí a bá ti tan kọ̀ǹpútà títí di ìgbà tí a bá pa á. Lójú dísìkì tuntun, àṣẹ ni ìyẹn: má jí. Ó dà bí ẹni pé wọ́n tẹ bọ́tìnnì kan mọ́lẹ̀ tí wọn kò gbé ìka kúrò lórí rẹ̀.

Dock ní tirẹ̀ kò gbé 3.3 wá. Ádápítọ̀ rẹ̀ ń mú 12 wá, dock ń yọ 5 lára rẹ̀, ó parí. Ìdí nìyẹn tí dísìkì fi jí níbẹ̀.

Mo wá ìwé àlàyé irú dísìkì náà lórí ìkànnì ilé-iṣẹ́ tó ṣe é, ó sì wà níbẹ̀: Power Disable. Páwà páàkì kò ṣẹ̀, dísìkì kò ṣẹ̀. Bí ẹ̀gbọ́n bá dá a padà, wọn ì bá dán an wò lórí ẹ̀rọ tiwọn, wọn ì bá rí i pé ó ń ṣiṣẹ́, wọn ì bá sì dá a padà fún un.

“Ṣé o fẹ́ sọ fún mi pé iná tí mo ń fún un ló ń pa á?”

“Ọ̀kan nínú iná mẹ́ta, sà. Ẹ jẹ́ ká dí i lójú.”

Láti dí eyín náà, téèpù Kapton ni mo lò, èyí aláwọ̀ pupa rúsúrúsú tí kò ń yọ́ bí nǹkan bá gbóná. Eyín wà lára dísìkì ní ẹsẹ kan: méje ti dátà, àlàfo kékeré, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ti iná. Láti ẹ̀gbẹ́ àlàfo náà ni a ti ń ka ti iná, eyín àkọ́kọ́ ló sún mọ́ dátà jù. Ìkẹta nìkan ló yẹ kí á bò, àmọ́ ó tẹ́ẹ́rẹ́ débi pé ọwọ́ lè gbọ̀n, bíbo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ rọrùn jù, kò sì ní ewu torí pé dísìkì náà kò lo fólùtì 3.3 fún ohunkóhun. Kí téèpù má kan ìkẹrin lọ ni kí á ṣọ́. Mo kì í padà sínú kọ̀ǹpútà, mo ki wáyà kan náà tó ti ń kọ̀ láti àárọ̀ bọ̀ ọ́, mo tàn án. Ó hùn. BIOS kọ orúkọ rẹ̀ sí iwájú ihò 2.

Téèpù fi hàn pé a kò ṣi àbùkù náà mú, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ràn rẹ̀ bí ohun tí a ó fi sílẹ̀ títí láé. Ìgbàkigbà tí a bá yọ wáyà tí a tún kì í, téèpù á sún díẹ̀, ọjọ́ kan dísìkì yóò tún sùn, kò sì sí ẹni tí yóò rántí ìdí rẹ̀. Àwọn kan máa ń gé wáyà 3.3 lára páwà páàkì, èyí tó sábà máa ń ní àwọ̀ ọsàn. Mi ò ní ṣe ìyẹn sí páwà páàkì ẹlòmíràn. Èyí tí mo yàn ni ádápítọ̀ tó ń sọ ẹnu Molex, ẹnu funfun elẹ́yín mẹ́rin ti àtijọ́, di ẹnu SATA. Molex kò mọ 3.3: 12, 5 àti ilẹ̀ méjì ló ní, kò sí ohun tí ádápítọ̀ lè fi kan eyín kẹta. Páwà páàkì rẹ̀ sì ní Molex tí ẹnikẹ́ni kò lò. Kí á ṣọ́ irú ádápítọ̀ tí a rà o. Àwọn tí wọ́n yọ́ ike pọ̀ mọ́ ẹnu rẹ̀ ní odindi ti jó mọ́ ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà lára, torí wáyà inú ike náà máa ń sún mọ́ra bí ike bá gbóná. Irú èyí tí wọ́n fún wáyà kọ̀ọ̀kan mọ́ eyín rẹ̀ lọ́tọ̀, tí a lè fi ojú rí wáyà bó ṣe ń wọlé láti ẹ̀yìn, ni kí á rà.

Ó ku Windows. Dísìkì kò tíì hàn níbi tí a ti ń ṣí fódà, ẹ̀gbọ́n sì tún ń wò mí bí ẹni pé a ti padà síbi tí a ti wá. A kò padà. A ti bọ́ sórí ẹ̀sùn kẹrin, tí mo ní ó wọ́pọ̀ jù. Mo tẹ kọ́kọ́rọ́ Windows pọ̀ mọ́ X, mo ṣí Disk Management, ó wà nísàlẹ̀: “Not Initialized”. Ojú pátákó tí a kò tíì fa ìlà sí ni; Windows kò mọ ibi tí ìpín kan ti bẹ̀rẹ̀ tàbí ibi tó parí sí. Ó béèrè bóyá MBR ni tàbí GPT, ọ̀nà méjì tí a ń gbà kọ ibi tí ìpín kọ̀ọ̀kan wà sórí dísìkì.

GPT ni. MBR ń fi nọ́ńbà oní-bit 32 ka ẹ̀ka dísìkì, ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ byte 512, nítorí náà kò lè kà kọjá nǹkan bí 2.2 TB. Dísìkì àtijọ́ rẹ̀ kò ju 2 TB lọ, ìyẹn ni kò fi pàdé ọ̀rọ̀ yìí rí. Bó bá fi MBR sórí 8 TB, ohun tó ju ìdajì dísìkì lọ yóò wà níbẹ̀ láìní ọ̀nà tí a lè gbà lò ó.

Ó béèrè ìdí tí n kò fi ṣe èyí nígbà tí dísìkì wà nínú dock, kí iṣẹ́ lè yá. Àwọn dock kan wà tó ń sọ fún Windows pé ẹ̀ka dísìkì jẹ́ byte 4096, nígbà tí dísìkì kan náà yóò sọ pé 512 ni bó bá wọ inú kọ̀ǹpútà. Ìpín tí a pín lórí dock bẹ́ẹ̀, bí a bá gbé dísìkì wọlé, Windows yóò ní òun kò mọ ohun tó wà lórí rẹ̀, yóò sì béèrè bóyá kí òun fọ́máàtì rẹ̀. Ibi tí dísìkì máa gbé ni kí á ti pín in. Ẹni tí dísìkì rẹ̀ bá ti ní fáìlì nínú tẹ́lẹ̀ tí irú ìbéèrè yẹn sì yọjú, kó má tẹ “Initialize”, kó má tẹ “Format”, kó kọ́kọ́ dá dísìkì padà síbi tó ti ń ṣiṣẹ́.

A pín in, a fọ́máàtì rẹ̀ sí NTFS, ìlànà tí Windows fi ń to fáìlì, ó gba lẹ́tà, ó hàn. 7.27 TB ni Windows kọ. “Àbúrò, mẹ́jọ ni mo sanwó fún.” Kò sí ẹni tó jí ìyókù. Ilé-iṣẹ́ ń fi ẹgbẹ̀rún ka byte, Windows ń fi 1024 kà á, àwọn méjèèjì sì ń pè é ní TB. Bí a bá fi 1024 pín trílíọ̀nù mẹ́jọ byte lẹ́ẹ̀mẹrin, 7.27 ni yóò fún wa.

Mi ò jẹ́ kó kó fídíò sí i lójú ẹsẹ̀. Dísìkì tuntun tó ti rìnrìn àjò nínú páálí yẹ kí á kà láti etí dé etí kí á tó fi iṣẹ́ ẹnì kan sí i. Mo fi smartctl, ètò tó ń bi dísìkì léèrè nípa ìlera rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò gígùn, èyí tí dísìkì ń ṣe fúnra rẹ̀ tó sì gbà ju wákàtí mẹ́wàá lọ lórí 8 TB. Nígbà tó parí, kò sí àṣìṣe kankan. Nínú àkọsílẹ̀ tí dísìkì ń kọ nípa ara rẹ̀, nọ́ńbà 5 àti 197, tó ń ka ẹ̀ka tó ti bàjẹ́ àti èyí tí wọ́n fura sí, wà ní òdo. Nọ́ńbà 199 náà wà ní òdo. Òun ló ń ka iye ìgbà tí dátà dàrú lójú ọ̀nà láàárín dísìkì àti motherboard, bó bá sì ń gòkè, wáyà dátà ni kí á kọ́kọ́ fura sí, kì í ṣe dísìkì.

Kí n tó dé kọ̀ǹpútà padà, mo lẹ ìwé kékeré mọ́ inú ìdérí rẹ̀: dísìkì 8 TB kò gbọdọ̀ lo ẹnu SATA tó ti ara páwà páàkì wá, ádápítọ̀ Molex nìkan, ihò SATA 5 àti 6 kò ní ṣiṣẹ́ níwọ̀n ìgbà tí NVMe bá wà ní M.2 kejì. Ẹ̀gbọ́n fẹ́ ra dísìkì kejì tó jọ èyí láìpẹ́. Mo ní kó wo nọ́ńbà irú dísìkì náà dáadáa kó tó sanwó, torí ilé-iṣẹ́ mìíràn máa ń ṣe dísìkì kan náà ní oríṣi méjì, ọ̀kan ní Power Disable, ìkejì kò ní, lẹ́tà kan tàbí méjì nínú nọ́ńbà náà ló sì máa ń yà wọ́n.